Ta Ni Yóò Kà Wá Wọlé, Ta Ni Yóò Kà Wá Jáde?

Àwòrán mẹ́tàdínlógún ni ọ̀rẹ́ wa fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ọmọ Ọ̀sì ni, a jọ wọ yunifásítì lọ́dún kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ń lo sáà kan ní orílẹ̀-èdè Gíríìsì lábẹ́ ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti fi ẹsẹ̀ rin àfonífojì Samaria ní erékùṣù Kírétè láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. (Kì í ṣe Samáríà inú Bíbélì o. Ṣùgbọ́n Kírétè yẹn gan-an ni Pọ́ọ̀lù fi Títù sílẹ̀ sí.) Àpáta lápá ọ̀tún, àpáta lápá òsì, omi tó mọ́ gaara láàárín, òun náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà àti ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Àwòrán náà dára. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ wo ibi tí Ọlọ́run ti ṣiṣẹ́. Tiwa nílé, igbó àti òkúta lásán." Ká tó ṣẹ́jú, èèyàn mọ́kànlá ti tẹ àmì ọkàn pupa sí i.

Àwa ò tẹ nǹkan kan. Àwa mẹ́rin là ń kọ èyí: ọmọ Ọ̀sì méjì, ọmọ Ìlọ́fà kan, ọmọ Odò-Owa kan. Ọ̀rọ̀ "òkúta lásán" yẹn dùn wá nítorí pé irọ́ ni. Ó tún dùn wá jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé a mọ ìdí tí irọ́ náà fi rọrùn láti gbà gbọ́. Ìdí yẹn la fẹ́ bá yín jà lé lórí lónìí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìrìn ọ̀rẹ́ wa bó ṣe sọ ọ́ fún wa lórí fóònù. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí orí òkè tí wọ́n ń pè ní Xyloskalo, ibi tó ga ju 1,200 mítà lọ. Láti ibẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lọ títí dé etí òkun, ìrìn kìlómítà 16. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́ níbẹ̀rẹ̀, orúnkún ń gbọ̀n, wọ́n fi igi ṣe ohun ìgbámú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orísun omi wà lójú ọ̀nà tí èèyàn lè bu mu. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà káàkiri. Ìbaaka wà nílẹ̀ láti gbé ẹni tí ẹsẹ̀ bá rọ́, torí mọ́tò kankan kò lè wọbẹ̀. Níbì kan, àpáta ọ̀tún àti ti òsì sún mọ́ra débi pé àlàfo tó kù láàárín wọn kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́rin lọ, bẹ́ẹ̀ àpáta ọ̀hún ga tó 300 mítà. Ó ní nígbà tí òun wòkè níbẹ̀, ojú sánmà dà bí okùn búlúù kan lásán. Ní ìparí, òkun. Abúlé tó wà níbẹ̀, Agia Roumeli, kò ní ọ̀nà mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ jáde.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tá a bi í pé kí ló yà á lẹ́nu jù, kò sọ ti àpáta. Tíkẹ́ẹ̀tì ló sọ.

Bébà pélébé kan ni wọ́n fún un lẹ́nu ọ̀nà lókè. Ó fẹ́ jù ú nù bá a ṣe máa ń ṣe, kí ẹnì kan tó sọ fún un pé kó tọ́jú rẹ̀, wọ́n máa béèrè rẹ̀ níwájú. Òótọ́ ni. Nígbà tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà ìjáde, wákàtí mẹ́fà ti kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, òṣìṣẹ́ kan na ọwọ́, ó gba bébà náà. Kì í ṣe torí owó. Wọ́n ń kà wọ́n ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sùn sínú àfonífojì náà, nítorí náà iye ẹni tó wọlé láàárọ̀ gbọ́dọ̀ bá iye ẹni tó jáde nírọ̀lẹ́ mu. Bí òjò bá pọ̀ jù tàbí oòrùn bá le jù, wọn kì í ṣílẹ̀kùn rárá. Bí ìgbà òtútù bá dé, wọ́n á tì í pa di oṣù Karùn-ún.

Ọ̀rẹ́ wa ní: "Mi ò mọ ẹnì kankan ní ìlú yẹn o. Síbẹ̀, ẹnì kan jókòó, ó ń retí kí n jáde."

A dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀. Òun náà dákẹ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí a ń rò.

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 la ti ń dá owó jọ láti lọ sí Owu nínú ìsinmi Kérésìmesì. Fún ẹni tí kò bá mọ Owu: ó wà ní Owa-Kájọlà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Omi ni, ó ń já bọ́ láti orí àpáta tó ga tó 100 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ á sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kì í gbọ́ létí ara ẹni, ìkùukùu omi á sì rin aṣọ rẹ kó o tó dé ibi tí omi náà ń bọ́ sí. Àwa mẹ́rìnlá la fẹ́ lọ. A ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀, a ti san àsansílẹ̀, a ti pín ẹni tó máa gbé ìrẹsì àti ẹni tó máa gbé omi. (Ẹni tí a ní kó gbé ìgò omi lọ síbi omi bínú títí, ó ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ òun.)

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, àwọn agbébọn wọ ìjọ CAC Òkè Ìṣẹ́gun ní Eruku, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì wa yìí, nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn wọgbó. Ẹ rántí pé ìsìn náà ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kámẹ́rà ṣì ń ṣiṣẹ́, ìdí rèé tí gbogbo ayé fi rí i. Ní ọjọ́ 23, ìròyìn jáde pé àwọn 38 tí wọ́n kó lọ ti gba ìtúsílẹ̀. A jó. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún jí àwọn èèyàn gbé ní Isapa, ìtòsí Eruku kan náà. Ìjọba ti ti àwọn ilé-ìwé pa ní ìjọba ìbílẹ̀ mélòó kan ní gúúsù Kwara nígbà náà.

Ìyá ọ̀kan nínú wa pè ní aago mẹ́fà àárọ̀. Wọn ò dúró kí a kí wọn. "Ṣé ọ̀rọ̀ Owu yẹn ṣì wà lọ́kàn yín? Bí omi lẹ fẹ́ wò, ẹ wá sílé, ẹ wá wo omi inú bàsíà mi." Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn òbí mẹ́sàn-án ti pè. Onímọ́tò dá ìdajì owó wa padà, ó ní òun ti fi ìyókù ra táyà. A ò bá a jà. Òun náà ní ìyá.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí a ń sọ. Ẹni tó ní "igbó àti òkúta lásán" ń fi òkúta wé òkúta. Kò sóhun tó ṣe òkúta wa. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Samaria àti Owu kò sí lára àpáta, kò sí lára omi. Ó wà lára bébà pélébé yẹn. Níbẹ̀, bí ọmọ ọlọ́mọ bá wọ àárín òkè, ẹnì kan mọ̀ pé ó wọlé, ẹnì kan á sì béèrè rẹ̀ bí kò bá jáde. Nílé wa, bí ọmọ onílé pàápàá bá wọ orí òkè, ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀, ìyá rẹ̀ nìkan ló sì máa béèrè.

Bẹ́ẹ̀ òkè kọ́ ló burú nínú ìtàn wa. Ní Odò-Owa, ihò àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Imoleboja. Ohun tí àwọn àgbà sọ fún wa ni pé ibẹ̀ làwọn baba wa sá sí nígbà tí ogun gbóná. Ẹ sì mọ̀ pé ogun kò fẹ́ kúrò ní ilẹ̀ Èkìtì ní ọ̀rúndún tó kọjá sí èyí tó kọjá: Ìbàdàn ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, Ìlọrin àti Núpé ń bọ̀ láti òkè, títí Èkìtì Parapọ̀ fi dìde tí Kírìjì sì bẹ́. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ti dórí òkè ti yè. Àpáta ni odi wa. Ẹni tó mọ ihò inú rẹ̀, tó mọ ibi tí omi ti ń sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ló ń gba ìlú là. Lónìí, àwọn ajínigbé ló mọ ihò, àwọn ló mọ ibi tí omi ti ń sun. Àwa ọmọ onílé ni ọ̀nà ti di àjèjì fún. Ibi ìsádi wa ṣì wà, onílé rẹ̀ ló ti yí padà.

A ò sọ èyí láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n wọ ààfin Olúkòró ti Koro, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú-Cole, wọ́n pa ọba, wọ́n gbé olorì lọ. Ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì ni ọba yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n ti pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó múlé tì wá. Bí wọ́n bá lè pa ọ̀gágun nínú ààfin rẹ̀, kí la wá fẹ́ sọ fún ìyá oníbàsíà?

Àmọ́ ẹ ṣe ìwádìí díẹ̀ nínú ara yín. Eruku la gbọ́ torí kámẹ́rà wà níbẹ̀. Koro la gbọ́ torí ọba ni. Àgbẹ̀ tó lọ sí oko iṣu rẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú tí kò padà wálé ńkọ́? Ẹni tó ń lọ ṣẹ́ igi? Ìyá tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn òkè lọ sí ọjà torí pé kò lówó ọkadà? Wọn ò ní kámẹ́rà, wọn ò sì dé adé. Tíkẹ́ẹ̀tì tí à ń pariwo yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì nìkan. Ẹni tó bá ń ka arìnrìn-àjò lórí òkè á ka àgbẹ̀ pẹ̀lú, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà.

A ti ń gbọ́ èsì yín. Àkọ́kọ́: "Gíríìsì lówó, Yúróòpù ń ràn wọ́n lọ́wọ́." Ẹ dákun, èló ni ìwé àkọsílẹ̀ kan àti báírò méjì? Àwọn ọdẹ wa mọ igbó yìí bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ohun tí a kò ní kì í ṣe owó ìbẹ̀rẹ̀. A kò kà á sí nǹkan ni.

Èkejì: "Ìwé àkọsílẹ̀ kò lè dá AK-47 dúró." Òótọ́ ni, a ò jiyàn. Kò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí ìlú mọ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ pé ẹni méjì kò tíì jáde, dípò kí wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ kẹta nígbà tí ìpè owó ìràpadà bá wọlé. Ẹni tó bá ti wá èèyàn rẹ̀ rí mọ ohun tí wákàtí kan já mọ́.

Ẹ̀kẹta ló le jù, àwọn òbí wa ló sì ń sọ ọ́: "Ẹ jẹ́ kí ààbò kọ́kọ́ dé ná, ìgbafẹ́ á tẹ̀ lé e." A bọ̀wọ̀ fún un. A ò sì ní sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ fi àyà gba ọta nítorí àwòrán. Ọ̀nà tí wọ́n bá ní kò dára lónìí, ẹ má gbà á lónìí. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń bá èsì yìí jà ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ bíi pé ààbò jẹ́ àlejò kan tó máa sọ̀ kalẹ̀ láti Ìlọrin tàbí Àbújá, tí a ó wá jókòó dè é. Òkè tí ẹnikẹ́ni kò gùn mọ́, ẹni tó ń sá pamọ́ ló ń jogún rẹ̀. Kí àgbẹ̀ fi ọ̀nà oko sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì péré, koríko á bò ó, ọdẹ ò ní gba ibẹ̀ mọ́, ẹni tí ìwọ kò fẹ́ rí á sì wá pàgọ́ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, tí a ń kà, tí ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan lára ohun tí à ń pè ní ààbò nìyẹn.

Àwọn olóyè àti olóṣèlú wa ńkọ́? Ọdọọdún ni ẹnì kan nínú agbádá máa ń dúró níwájú máíkì láti sọ pé Kwara "kún fún ibi ìgbafẹ́". Wọ́n á dárúkọ Owu, wọ́n á dárúkọ Imoleboja, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, ó tún dọdún mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá le tán, wọ́n á ní àwọn ń wá olókòwò tí yóò kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Hòtẹ́ẹ̀lì! Ibi tí a ò lè rìn dé, ta ló máa sùn níbẹ̀? Ọdún 1962 ni Gíríìsì sọ Samaria di ọgbà ìjọba, ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí rẹ̀ sì ni ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ìgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní kri-kri, tí wọn ò fẹ́ kó parun. Nítorí ewúrẹ́ ni wọ́n fi wá ẹ̀ṣọ́ sínú òkè. A ò bá ewúrẹ́ jìjà o, ṣùgbọ́n ẹ gbà wá.

Kí ẹ má bàa rò pé gbogbo ohun tó bá ti òkè òkun wá là ń jẹ bí ẹní jẹ àkàrà: nígbà tí wọ́n dá ọgbà yẹn sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn tó ń gbé abúlé Samaria kó jáde. Ilé wọn ṣì wà láàárín àfonífojì, ọ̀rẹ́ wa jókòó síbẹ̀ jẹ búrẹ́dì. Òkúta ilé wà, onílé kò sí. Ìyẹn la ò fẹ́. Bí ìjọba bá tìtorí ọgbà tàbí tìtorí ààbò sọ pé kí àwọn ará Eruku tàbí Isapa kó kúrò nílẹ̀ baba wọn, àwa la máa kọ́kọ́ kọ̀wé takò ó. Èèyàn tó wà nílé ni ẹ̀ṣọ́. Ní tiwa, ọdẹ àti àgbẹ̀ ló yẹ kó di ìwé náà mú, kì í ṣe ẹni tó ti ibòmíràn wá.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ó kàn yín. Ọ̀wọ̀ yín wà lórí wa, ẹ̀yin lẹ san owó ilé-ìwé àwọn kan nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a fi ń ṣe ọjọ́ ìlú: aṣọ ẹbí, kánópì, olórin láti Ìlọrin, gbọ̀ngàn tí a tún lẹ táìlì sí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún márùn-ún. Owó aṣọ ẹbí ogún èèyàn á san owó oṣù ọdẹ méjì fún ìgbà pípẹ́. Àwọn mìíràn nínú yín tún wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá dé láti London tàbí Houston, Erin-Ìjẹ̀ṣà lẹ ń kó àwọn ọmọ lọ, tàbí Ìkógòsì, ẹ kì í wá sílé rárá. A ò bá yín wí. Ẹnì kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ó ń gba owó, ó mọ̀ pé ẹ wọlé. Ẹ̀yin náà ti fi ẹsẹ̀ dìbò fún ohun tí à ń wí.

Ẹ jẹ́ ká sọ tiwa pẹ̀lú, kó má di pé à ń nàka sí ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí ìrìn Owu forí ṣánpọ́n, méjì nínú wa lọ bá bàbá àgbàlagbà kan ní Ọ̀sì, a ní kí wọ́n sọ orúkọ òkè tá a ń wò lójoojúmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ká tó rí báírò, wọ́n ti dárúkọ márùn-ún, pẹ̀lú ẹni tó kọ́kọ́ dáko níbẹ̀ àti ohun tí èèwọ̀ jẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ogún ọdún ni wá. A mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù fún Arsenal. A ò mọ orúkọ òkè kan ṣoṣo. (A ò ní kọ orúkọ wọn síbí. Bàbá ní ká kọ́kọ́ padà wá gbọ́ ìyókù ká tó máa gbé e kiri.)

Ẹ tún rò ó wò. Láàárín oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 sí oṣù Kìíní ọdún 2023, ilé ọnà Yale University ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn kan fún agbẹ́gilére kan ṣoṣo: Bámigbóyè ti Kájọlà, ẹni tí àwọn ìwé kan ń pè ní Bámgbóyè ti Odò-Owa. Tiwa ni. Iṣẹ́ Àreògún ti Ọ̀sì, tó kú lọ́dún 1954, wà ní ilé ọnà lóríṣiríṣi lókè òkun. Àwọn ojú Ẹpa ńlá yẹn, tí àwọn baba wa ń gbé sórí jó, wà lẹ́yìn gíláàsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹnì kan ń yí ká, ó ń wò ó bóyá gbogbo wọn pé. Igi tí wọ́n gé nínú igbó tiwa ń jẹ àǹfààní tí ọmọ tó ń gbé inú igbó náà kò jẹ. A ò fi èyí bá ilé ọnà jà. Inú wa dùn pé wọ́n tọ́jú wọn. Àwa náà ló yẹ kí wọ́n tọ́jú.

Ohun tí à ń béèrè nìyí, kò sì pọ̀. Ọ̀nà kan péré ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, ká má tíì ti Owu bẹ̀rẹ̀ torí ó jìn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Odò-Owa sí Imoleboja. Ọjọ́ Sátidé nìkan, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán. Ọdẹ méjì tí ìlú yàn, tí à ń san owó fún, tí fóònù wọn ń ṣiṣẹ́. Ìwé kan níbẹ̀rẹ̀, ìwé kan ní ìparí: orúkọ, aago tó wọlé, aago tó jáde, nọ́ńbà ẹni tí a ó pè. Bí ọdẹ bá ní ọ̀nà kò dára lọ́jọ́ kan, kò sí ìrìn lọ́jọ́ náà, ọba ì báà jẹ́ àlejò.

Lọ́dọ̀ ìjọba, ìbéèrè kan la ní. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu kéde pàjáwìrì lórí ààbò ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní kí wọ́n gba ọlọ́pàá 20,000 sí i, kí àwọn DSS sì rán àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ lọ sínú igbó. Ó dáa. Mélòó nínú wọn ló kan ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì? Mélòó ló kan Òkè-Ero? Ibo ni wọ́n dúró sí, nọ́ńbà wo ni àgbẹ̀ Isapa máa pè bó bá rí ẹsẹ̀ àjèjì lójú ọ̀nà oko rẹ̀? A ò béèrè àṣírí ọmọ ogun. Iye la béèrè. A ti kọ lẹ́tà ìbéèrè yìí sí ọ́fíìsì kan, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i pé àwọn gbà á. A ṣì ń dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹni tó mọ ẹni, àsìkò yìí la nílò yín.

Ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Gíríìsì ló kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ nígbà tó ka èyí kí a tó gbé e jáde. A béèrè bóyá ó ṣì ní tíkẹ́ẹ̀tì Samaria kí a ya àwòrán rẹ̀ sókè ìwé yìí. Ó ní kò sí lọ́wọ́ òun, wọ́n ti gbà á lẹ́nu ọ̀nà.

Owó yẹn la fi ra ìwé àkọsílẹ̀ méjì, ẹ̀yìn wọn le, aláwọ̀ ewé. A ti fi rúlà pín ojú ewé sí mẹ́rin. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa, èkejì wà lọ́wọ́ bàbá kan tó jẹ́ ọdẹ ní Odò-Owa, wọ́n ní àwọn ò lè kọ̀wé ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ àwọn lè kọ ọ́. Ìyá oníbàsíà ní bí a bá rí ọdẹ kẹjì, kí a kọ orúkọ àwọn náà sí i, àwọn fẹ́ wá wo ibi tí a fẹ́ tìtorí rẹ̀ kú.